Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Ooru Ìjàpá

Ẹ bá mi bi àwọn ará Jámánì pé kí ni mo fi ṣe wọ́n. Ìjàpá tí bàbá mi rà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wọn, Volkswagen 1300 ti ọdún 1968, kò ní rédíétọ̀, kò mu omi. Afẹ́fẹ́ ni fáànù ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára. Ìyẹn dára. Àmọ́ òtútù ìlú wọn ni wọ́n ń rò nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Wọ́n da àpótí irin bo páìpù èéfín, kí afẹ́fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá, kó gbóná, kó sì gba abẹ́ ilẹ̀kùn wá bá ẹsẹ̀ awakọ̀. Ẹ̀rọ amúniyáná! Ní Ìbàdàn! Nínú oṣù kẹta!

Irin kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ háńbíréèkì tí èèyàn lè fi tì í pa. Wáyà rẹ̀ ti dípẹtà, ojú ihò kò padé mọ́. Kí n tó ti Dùgbẹ̀ dé Mọ́kọ́lá, ìbọ̀sẹ̀ mi á ti rin gbindin. Ìyàwó mi ní, "Dádì, ṣé ẹsẹ̀ mi lẹ fẹ́ sè jẹ ni?" Takisí Máíkírà ló ń wọ̀ báyìí. Tí àpótí yẹn bá sì ti jẹra, èéfín tó ń pa èèyàn láìní òórùn á máa bá ooru wọlé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Mẹkáníìkì ní kékeré ni. Ó tú àpótí méjèèjì dànù, ó fi páìpù lásán rọ́pò wọn. Mi ò bá a jà sí ìyẹn. Àmọ́ ihò méjì wà lára ilé fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpótí wọ̀nyẹn, ó yẹ kó dí wọn. Kò dí wọn! Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó tu ẹ́ńjìnnì lára wá ń fẹ́ sí títì, ó ń tu àwọn ewúrẹ́ Bẹẹrẹ lára. Ó tún yọ páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì ká, ó ní ó ń pariwo, àti pé bí a bá ṣí ibẹ̀ sílẹ̀, atẹ́gùn á ráyè wọlé. Páànù yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí ooru sálẹ́ńsà gòkè padà sọ́dọ̀ fáànù! Fáànù wá ń fa ooru, ó ń fẹ́ ooru. Sìlíńdà kẹta ló sì ń jẹ ìyà náà jù, torí pé ohun tó ń tu ọ́ìlì lára ló dúró sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ní 1970, wọ́n gbé e kúrò níbẹ̀. Tèmi ti dé Nàìjíríà nígbà yẹn.

Mo padà lọ ké gbàjarè. Ó ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, a máa dì í." Ló bá wé aṣọ tí iná kì í jó mọ́ páìpù èéfín látòkè délẹ̀, bí ẹni tó já lórí ọ̀pẹ. Lóòótọ́, aṣọ náà ń ká ooru mọ́nú páìpù. Ó ń ká omi òjò mọ́ ọn pẹ̀lú. Páìpù dípẹtà lábẹ́ aṣọ, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò dé, ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí ló sì já sí, lákòókò ìrun. Ẹ má bi mí ní ohun tí lèmọ́mù sọ.

Bíréèkì ńkọ́? Volkswagen 1500 ayé ìgbà náà ti ní dísìkì níwájú. Bàbá mi, kí Ọlọ́run forí jì í, ń ṣọ́ owó, ó ra 1300: dúrọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tí èèyàn bá ń tẹ bíréèkì láti orí òkè Mápó bọ̀ wálẹ̀, dúrọ́ọ̀mù á gbóná, á fẹ̀ kúrò lára ṣúù. Ẹsẹ̀ ń lọ sílẹ̀, ọkọ̀ ń lọ síwájú. Mo ní kí wọ́n bá mi gbé dísìkì síwájú. Gbogbo ọgbà mẹkáníìkì di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnì kan ní kí n ṣáà máa pọ́ǹpù bíréèkì. Ẹlòmíràn já píọ̀ wọ́tà, ó dà á sórí dúrọ́ọ̀mù tó gbóná janjan. Ó sán kẹ̀! Wọ́n ní kí n san owó píọ̀ wọ́tà.

Mo ní ó kéré tán, ẹ bá mi pààrọ̀ bíréèkì ọ́ìlì tó ti dúdú yìí. Mo ṣàlàyé pé DOT 3 tuntun kì í hó títí yóò fi gbóná dé 205°C, DOT 4 sì lè dé 230°C. Àmọ́ ọ́ìlì náà ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, tí DOT 3 bá ti fa omi tó, 140°C ti tó láti mú un hó, tó bá sì ti hó, òfìfo lẹsẹ̀ ń tẹ̀. Mẹkáníìkì gbọ́ tán, ó ní, "Bàbá, ṣé tíṣà ni yín tẹ́lẹ̀ ni?"

Mo bá gba Géètì lọ láti wá páànù pẹlẹbẹ rà dípò èyí tó yọ. Ọmọkùnrin kan gbé ọ̀kan jáde, ó búra pé tòkunbọ̀ ni, pé tààrà láti Jámánì ló ti wá. Mo yí i padà. Orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí mo ti fi ìṣó kọ ọ́ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bàbá mi fi nà mí. Mo ní, "Ọmọ mi, páànù mi nìyí o." Ó wo orúkọ náà dáadáa, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò rí i pé òríjínà ni? Torí pé orúkọ yín ti wà lára ẹ̀, màá yọ ẹgbẹ̀rún kan fún yín."