Ta Ló Hun Ẹní Yìí?

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa, ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Bí Ajàlọ́run, ọba wa, bá pàṣẹ lónìí pé kí gbogbo agboolé gbé iṣẹ́ ọwọ́ ara wọn wá síwájú ààfin lọ́la, kí wọ́n sì fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lẹ́bùn, ṣé ẹ mọ ibi tí ilẹ̀ máa ṣú wa sí? Inú ọkọ̀ Ìjẹ̀bú-Òde ni. Kí wọ́n tó ti ọjà, gbogbo ẹní, gbogbo agbọ̀n, gbogbo igbá fífín tó wà níbẹ̀ ti di iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ẹni tí kò mọ iwájú abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ á gbé odidi aṣọ òfì wọlé láàárọ̀, á ní, "Mo kàn fọwọ́ gbá a lálẹ́ àná ni o, torí oorun ò kùn mí."

Kì í ṣe pé a ò lọ́wọ́. A lọ́wọ́, ó gùn, ó sì máa ń dé àpò. Ohun tí mò ń wí ni pé nínú gbogbo ìdíje tí mo ti fojú rí nílẹ̀ yìí, ó ṣọ̀wọ́n kí ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tó gba ẹ̀bùn jẹ́ ẹnì kan náà.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti bà wá jẹ́. Ta ni kò rántí háńwọ́ọ̀kì? Bí sáà bá ti ń parí lọ, tíṣà á to orúkọ nǹkan sójú pátákó: àwọn ọmọ kékeré, ìgbálẹ̀, àwọn tó jù wọ́n lọ díẹ̀, abẹ̀bẹ̀ àti asẹ́ gàrí, àwọn àgbà kíláàsì kẹfà, ẹní tàbí àpótí ìjókòó. Á sọ ọ́ títí ẹnu á fi bó o. Ọmọ kì í gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ tó bá ku ọ̀la ni etí rẹ̀ máa ń là.

"Màámi, tíṣà ní ká mú ìgbálẹ̀ wá."

"Ìgbà wo ló sọ ọ́?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Ó ti pẹ́! Ẹ gbọ́ lẹ́nu ọmọ yìí o. Ṣé kí n wá gun ọ̀pẹ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni? Lọ mú èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

"Wọ́n ti fi gbá ilé ìdáná, mà."

"Gbọn eruku rẹ̀ dànù! Ṣé ẹni tó ṣe nǹkan kì í dán an wò ni?"

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ lówó ńkọ́? Ìgbálẹ̀ tiẹ̀ tuntun ni. Ẹ wò ó lórí tábìlì: gbogbo ṣóńṣó rẹ̀ dọ́gba, rọ́bà tí ìyá ọlọ́jà fi dè é ṣì wà nídìí rẹ̀. Ọmọ ọdún méje tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀ ló dúró tì í, tó ní òun lòun yọ ọ́ lára imọ̀ ọ̀pẹ. Tíṣà ò bínú. Ó gbé ìgbálẹ̀ náà sókè, ó gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Máàkì kan tó yọ, torí pé ìgbálẹ̀ náà kéré fún àgbàlá ilé rẹ̀ ni. Mo mọ ilé tíṣà kan tí wọn ò náwó ìgbálẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti gbaṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìntì. Bí ẹ bá débẹ̀, abẹ̀bẹ̀ pọ̀ nínú ilé ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo máa ń wà ṣá, tó jókòó ti ìyá-ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun abẹ̀bẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ náà wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹnu àrọ̀. Máàkì mẹ́ta ni wọ́n fún un. Wọ́n ní kò dán.

Àwọn tó gba mẹ́sàn-án yẹn ló wá dàgbà, tí wọ́n wọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára dọ́gba. Ẹ bá mi dé Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá. Mi ò ní purọ́, ojú ń rí nǹkan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ń tẹ̀ lé ẹgbẹ́, wọ́n ń yan, wọ́n ń kí ọba, wọ́n sì ń du ẹ̀bùn ẹgbẹ́ tó múra jù. Màmá kan á gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ oníròyìn: "Ó ti pẹ́ tí a ti ń múra ọdún yìí sílẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ o, gbogbo ara ló ń ro wá." Iṣẹ́ wo, mà? Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti hun aṣọ yín. Òkúta wínníwínní tó ń kọ mànà lára rẹ̀, Ṣáínà ló ti wá. Télọ̀ tí kò tíì fojú kan oorun ló rán an. Ọmọdébìnrin kan ló ti Èkó wá we gèlè, òun náà ló kun yín lójú débi pé ọkọ yín ń wá yín kiri láàrin ẹgbẹ́. Ohun tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín ṣe níbẹ̀ kò ju tiráńsífà lọ. Òótọ́ ni pé ara ń ro yín, àmọ́ àtàǹpàkò nìkan ni.

Ní 2024, àwòrán Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba la gbogbo ayé já: jígí dúdú lójú, sìgá lọ́wọ́, ara fífín. Ó yẹ ọkùnrin náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Gbogbo ènìyàn ń bèèrè pé ta ni. Àwọn kan ń bèèrè iye ọdún rẹ̀. Àwọn obìnrin kan ń bèèrè bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n. Kò sí ẹni tó bèèrè pé ta ló rán aṣọ tí wọ́n fi ṣe ẹṣin lọ́ṣọ̀ọ́, ta ló sì ṣe gàárì. Ẹṣin nìkan ló mọ̀, wọn ò sì gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ìyá ńlá wa kì í rajà láti fi yan. Àwọn ni wọ́n ń rajà lọ́wọ́ wọn. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn oníṣòwò òyìnbó ti ń wá aṣọ Ìjẹ̀bú kiri etí òkun; nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó ti ń bá ọkọ̀ ojú omi dé Brazil. Obìnrin á jókòó síwájú òfì ìdúró, á máa fi òwú aláràbarà fa ọ̀nì, ọ̀pọ̀lọ́ àti ejò sínú aṣọ olónà, kí àwọn awo Òṣùgbó lè rí ìtàgbé gbé kọ́ èjìká. Ẹ bi ọmọ-ọmọ obìnrin yẹn lónìí pé kí ni ọ̀nì ń ṣe lára aṣọ. Á ní Lacoste ni.

Ẹ̀yin Ẹ̀gbá, ẹ rọra rẹ́rìn-ín. Àdìrẹ tí ẹ fi ń yangàn sí wa yẹn, ẹ̀rọ Ṣáínà ti ń tẹ ayédèrú rẹ̀ wọ ọjà Ìtòkú tipẹ́, àwọn aláró yín ò sì tíì dákẹ́ igbe.

Èkìtì náà kò gbẹ́yìn nínú ẹjọ́ yìí. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ará Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ó gbẹ́ ọba sórí ìtẹ́, ó gbẹ́ òyìnbó aláṣẹ tí wọ́n gbé wá sórí àga, ó gbẹ́ àwọn tó rẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó di 1924, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pàtẹ ohun gbogbo tó wà lábẹ́ àṣẹ wọn sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀kùn náà bá wọn débẹ̀. Àwọn British Museum rí i, ojú wọn ò kúrò lára rẹ̀ mọ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà ní òun ò gbowó. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun nílùú Ọba. Wọ́n ṣe ìtẹ́, wọ́n gba ilẹ̀kùn, ọwọ́ wọn ló wà dòní. Ẹ wá bá mi pín ẹ̀bùn ìdíje yẹn wò: òyìnbó gba ilẹ̀kùn, ọba gba ìtẹ́. Ọlọ́wẹ̀ gba iṣẹ́. Ó tún gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀.

Ìjẹ̀bú kan wà tí kò jẹ́ kí wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ òun, ó sì yẹ ká dá a yàtọ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti bí Aina Onabolu ní 1882. Kò ní olùkọ́. Àwòrán inú ìwé òyìnbó ló ń wò, tó ń dà á kọ. Nígbà yẹn, òyìnbó púpọ̀ ò gbà pé adúláwọ̀ lè ya ènìyàn kó jọ ènìyàn. Ní 1906 ó ya Ìyáàfin Spencer Savage, ó sì jọ ọ́. Ní 1920 ó wọkọ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti lọ kọ́ iṣẹ́ náà délẹ̀, ó padà wálé, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé l'Ékòó ní àwòrán yíyà. Gbogbo wa la fẹ́ bí irú rẹ̀. Àmọ́ kí ọmọ ṣáà fi èédú ya ojú bàbá rẹ̀ sára ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ìgbátí la fi ń yẹ́ ẹ sí.

Ó dáa, ká ní a ṣe ìdíje tiwa ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Mo mọ bó ṣe máa rí. Aago mẹ́wàá la máa kọ sínú ìwé ìpè, aago kan la máa bẹ̀rẹ̀. Alága ọjọ́, bàbá ọjọ́, ìyá ọjọ́, ìgbákejì ìyá ọjọ́: àga á pọ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Alága ìdúró á fẹ́ gbohùngbohùn, "Họ́ọ̀! A fẹ́ ṣí ẹní yìí o! Ta ló máa fi mílíọ̀nù kan ṣí i?" Ẹní tó wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀! Olówó kan tó ti Èkó wálé á dìde, onílù á gbá tẹ̀ lé e, fọ́tò á máa tàn yẹ̀rì. Ẹ wo ẹ̀yìn àgọ́. Ìyá tó hun ẹní ló dúró níbẹ̀ tó ń wá ẹni tó máa bu ìkókoré fún un, wọ́n sì ti ní ti àwọn orí tábìlì ni. Àwọn adájọ́ á gbé igbá fífín, wọ́n á yí i po, wọ́n á wo ìdí rẹ̀ bóyá wọ́n kọ iye tí wọ́n rà á síbẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ẹni tí èmi máa dìbò fún? Àǹtí tó fi kóróṣéè hun aṣọ orí tẹlifíṣọ̀n. Aṣọ náà tóbi ju tẹlifíṣọ̀n lọ, ó bò ó lójú débi pé àwọn ará ilé ò rí iwájú orí akàròyìn kankan rí. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò, àwọ̀ tí kò lórúkọ. Kò dára rárá. Àmọ́ òun ló ṣe é, kò sì sí ọjà tí wọ́n ti lè tà á.

Ibì kan wà tí ẹni tó ṣe nǹkan kì í fara sin. Ní Iowa ní Amẹ́ríkà, láti 1911 ni wọ́n ti ń fi bọ́tà mọ màlúù níbi àfihàn ìpínlẹ̀ wọn, bọ́tà tó tó nǹkan bí 600 pọ́n-ùn, nínú iyàrá tútù. Láti 1960, ọ̀pọ̀ ọdún ni Norma Lyon fi mọ ọ́n, gbogbo ìlú sì mọ̀ pé òun ni. Níbí ńkọ́? Bí bọ́tà bá borí oòrùn, kò ní borí wa: ẹnì kan á ti mú búrẹ́dì wá.

Òfin kan péré ni mo bá wa kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní òun lòun ṣe é, kó jókòó síwájú wa kó ṣe díẹ̀ sí i. A máa kó imọ̀ ọ̀pẹ, òwú, ọ̀bẹ àti igbá sórí tábìlì, gbogbo rẹ̀ ọ̀fẹ́. Ní wàràǹṣeṣà, bàbá onígbá fífín á rántí pé òun ní ìpàdé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìyá ẹlẹ́ní á ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ọmọ onígbálẹ̀ á bú sẹ́kún, á tọ́ka sí ìyá rẹ̀. Ó máa ku ìyá arúgbó kan tó ti ń hun aṣọ olónà láti kékeré. Á fa àpótí mọ́ra, á yọ gíláàsì rẹ̀ jáde, á wo òwú tí a kó síwájú rẹ̀, á wo alága ọjọ́, á wá bèèrè pé ta nínú wa ló fẹ́ san owó àsansílẹ̀.