Ìjàpá àti Igbá Òṣùwọ̀n Ìlú Grapevine

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo. Ó dá lórí Erin, ó dá lórí Ẹṣin, ó dá lórí àwọn àgbà 13 kan tí wọ́n máa ń ti ara wọn mọ́ inú òtẹ́ẹ̀lì ní ìlú Grapevine, ní ìpínlẹ̀ Texas.

Ẹ má rò pé èmi ni mo fi tipá gbé Ìjàpá kọjá òkun. Ó ti ń gbé Amẹ́ríkà kí n tó mọ àlọ́ í pa. Òun ni Yunifásítì Maryland fi ṣe àmì; Testudo ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, wọ́n sì fi idẹ rọ ère rẹ̀ síwájú ilé ìkàwé McKeldin. Tí àkókò ìdánwò bá dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa fọwọ́ ra á nímú kí orí wọn lè pé, wọ́n á sì máa kó oúnjẹ àti oríṣiríṣi ẹrù jọ síwájú rẹ̀. Wọ́n ní eré lásán ni. Àwa tí a ti rí ojúbọ rí kò ní bá wọn jiyàn.

Ní ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ní ẹranko tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n lórí pápá. Erin ni ti Alabama, Ajá ni ti Georgia, Màlúù oníwo gígùn ni ti Texas, Pẹ́pẹ́yẹ ni ti Oregon. Florida State ní Ẹṣin kan tó ń jẹ́ Renegade: kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹlẹ́ṣin á gùn ún wọ pápá, á sì gún ọ̀kọ̀ oníná mọ́lẹ̀ ní àárín gbùngbùn. Ti Ohio State kì í tilẹ̀ ṣe ẹranko. Èso igi ni, èso tó lójú tó lẹ́nu, tó ń rìn kiri.

Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá kì í ṣe èyí tí àwa mọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, akoto líle wà lórí oníkálukú, wọ́n á sì máa kọlu ara wọn bí ẹni tó jẹ ara wọn lówó. Pápá Michigan nìkan gba èrò tó lé ní 107,000. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ẹgbẹ́ tó wà ní ìpele òkè lé ní 130, eré 12 péré sì ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbá kí àṣekágbá líìgì tó dé. Báwo ni Erin tó wà ní Gúúsù ṣe fẹ́ fi hàn pé òun ju Pẹ́pẹ́yẹ tó wà níhà òkun Pàsífíìkì lọ, nígbà tí wọn ò fojú gán-án-ní ara wọn látìbẹ̀rẹ̀ sáà dópin? Láyé àtijọ́, àwọn akọ̀ròyìn àti kóòṣì ló ń dìbò. Ní 1998 wọ́n fi kọ̀ǹpútà kún un, ìjà ò tán. Ní 2014 wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kí àgbà 13 jókòó, kí wọ́n yan ẹgbẹ́ mẹ́rin tí yóò bá ara wọn figẹ̀ wọngẹ̀ títí ọ̀kan yóò fi gbé ife.

Ibẹ̀ ni Ìjàpá ti rí ọ̀nà ọ̀fun.

Ebi ń pa á nílé. Yánníbo ti sọ̀rọ̀ títí ó ti sú u: “Ọkọ mi, àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbé ife bọ̀ nílé, ìyà lẹ̀yin ń gbé bọ̀.” Ìjàpá ò fèsì. Ó mú igbá méjì, ó fi àtè lẹ̀ wọ́n ní ìdí pọ̀, ẹnu kan kọjú sókè, ẹnu kan kọjú sílẹ̀. Ó fi aṣọ àlà bò ó, ó di Grapevine.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú àpérò o. Mo gbọ́ pé ẹ ń wá òṣùwọ̀n.”

Wọ́n ní àwọn ń wá a. Ìjàpá sún mọ́ olórí wọn létí. “Bàbá, tí ẹ bá dojú kìn-ín-ní sókè, ohun tí ẹranko ti ṣe ni yóò wọ̀n. Tí ẹ bá dojú kejì sókè, ohun tí ẹ rò pé ẹranko lè ṣe ni yóò wọ̀n. Ẹ má ṣí aṣọ àlà yìí títí ẹ ó fi ka orúkọ tán.”

“Tí wọ́n bá bi wá pé ojú wo ló wà lókè ńkọ́?”

“Ẹ sọ fún wọn pé ojú tiyín lẹ fi wò ó.”

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó. TCU, ní Fort Worth, ní ẹranko kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pọ̀lọ́ Oníwo, ṣùgbọ́n tí ẹ bá wò ó dáadáa, aláǹgbá ni. Aláǹgbá wà ní ipò kẹta. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn ó lu Iowa State 55 sí 3, ó lọ sùn, ó jí, ó bá ara rẹ̀ ní ipò kẹfà. Ó figbe ta. Béárì ti Baylor náà figbe ta, nítorí òun ló lu Aláǹgbá 61 sí 58 ní oṣù kẹwàá, ipò karùn-ún sì ni wọ́n fi òun sí. Líìgì wọn, Big 12, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà ni wọ́n ti ń polówó pé ọ̀gá kan ṣoṣo ni líìgì àwọn ń ní. Nígbà tó tó àsìkò láti dárúkọ ọ̀gá, méjì ni wọ́n dá. Èso Igi ti Ohio State, tó lu Wisconsin 59 sí 0, ló bọ́ sí ipò kẹrin. Ó lu Erin 42 sí 35, ó lu Pẹ́pẹ́yẹ 42 sí 20, ó gbé ife lọ. Inú àwọn àgbà dùn: “Ẹ ò rí i? Igbá yìí mọ̀ ọ́n!” Ìjàpá gbowó, ó ra iṣu relé.

Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí Aláǹgbá ì bá ṣe ká ní wọ́n jẹ́ kó wọlé. Ọgbọ́n tó wà nínú igbá náà nìyẹn. Ẹni tí wọ́n tì síta kò ní ibi tí yóò ti jà láti fi hàn pé kò yẹ kí wọ́n ti òun síta.

Ẹnì kan gbìyànjú ṣá. Ní 2017, Ẹṣin Abìyẹ́ tó wà lára èdìdì yunifásítì UCF ní Orlando gbá eré 12, ó gba méjèèjìlá. Igbá fi í sí ipò kejìlá. Erin, tí kò tilẹ̀ gba ife líìgì rẹ̀, wọlé ní ipò kẹrin. Lọ́jọ́ ọdún tuntun Abìyẹ́ lu Auburn 34 sí 27. Auburn yìí kan náà ló ti lu Erin, tó ti lu Ajá, àwọn méjèèjì ló sì pàdé ní àṣekágbá. Abìyẹ́ ní ó tán, òun ni ọba. Ó gbé àsíá tirẹ̀ kọ́, ó sì yan káàkiri Disney World. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà náà, ṣùgbọ́n mi ò rí ibi tí ìṣirò rẹ̀ ti wọ́.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ Ẹṣin Florida, torí òun ni àlọ́ yìí ṣe di àpagbè.

Ọdún 2023 ni. Ẹṣin ti ń gba gbogbo eré rẹ̀ bọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá, Jordan Travis, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn, tí gbogbo eré wọn rọ̀ mọ́, fẹsẹ̀ ṣẹ́. Ẹṣin ò dúró. Ó na Yunifásítì Florida, ó na Louisville 16 sí 6, ọmọdé tó wà ní ipò kẹta nínú àwọn ajubọ́ọ̀lù wọn ló gbé síwájú lọ́jọ́ náà, ó sì gba ife líìgì ACC. Eré 13, ìṣẹ́gun 13. Lọ́jọ́ kan náà Erin lu Ajá 27 sí 24 ní Atlanta, Ajá tí kò tíì fìdí rẹmi nínú eré 29. Erin yìí, Màlúù Texas ti lù ú 34 sí 24 nínú ilé rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án.

Ojú kìn-ín-ní ni igbá ti ń kọ sókè látìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ dúró, Ẹṣin wọlé. Ilẹ̀ ò mọ́ lọ́jọ́ Àìkú kí wọ́n tó yí i. Wọ́n ka Michigan, wọ́n ka Washington, wọ́n ka Màlúù, wọ́n ka Erin. Ẹṣin bá ara rẹ̀ ní ipò karùn-ún. Látìgbà tí àwọn àgbà ti ń yan ẹgbẹ́ mẹ́rin, kò tíì ṣẹlẹ̀ rí pé kí ọ̀gá líìgì ńlá má pàdánù eré kankan kó sì wà níta. Ó wá sí ẹnu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì, ó kọrin:

Ìgbà mẹ́tàlá ni mo jà o
*Igbá ń yí, igbá ń yí po*
Ìgbà mẹ́tàlá ni mo ṣẹ́gun
*Igbá ń yí, igbá ń yí po*
Ẹlẹ́ṣin mi ló fẹsẹ̀ ṣẹ́
*Igbá ń yí, igbá ń yí po*
Ẹsẹ̀ tèmi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé
*Igbá ń yí, igbá ń yí po*
Àgbà Grapevine, ẹ ṣílẹ̀kùn
*Igbá ń yí, igbá ń yí po*

Olórí àwọn àgbà yọjú lójú fèrèsé. Ó ní ó wà nínú ìwé òfin pé àwọn lè wo àìsí agbábọ́ọ̀lù pàtàkì nínú ẹgbẹ́. Òótọ́ ni, ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún Ẹṣin ní oṣù kẹsàn-án pé ojú yẹn ni wọn yóò dà sókè ní oṣù kejìlá? Èmi ò sọ pé Ẹṣin ì bá lu Erin. Bóyá Erin ì bá tẹ̀ ẹ́ pa. Ohun tó ń dùn mí ni pé eré ìje ti tán kí wọ́n tó fa ìlà òpin.

Ọ̀rọ̀ náà di ti ìjọba. Ron DeSantis, gómìnà Florida, ní kí wọ́n ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún ẹjọ́. Àwọn mìíràn ń kùn pé tẹlifíṣọ̀n ESPN tó ń gbé ìkéde àwọn àgbà jáde ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ni eré líìgì Erin. Wọ́n gbàgbé pé ESPN kan náà ló ń gbé eré líìgì Ẹṣin. Lẹ́yìn náà ni Ẹṣin bá Ajá pàdé ní Orange Bowl, ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kọ̀ láti jáde. Ajá lù ú 63 sí 3. Ariwo tí àwọn àgbà pa lọ́jọ́ yẹn: “Ẹ ò rí i?” Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ lọ́kàn, wọ́n wá ń fi ọkàn tó ṣẹ́ ṣe ẹ̀rí.

Ìjàpá rí i pé ariwo ti pọ̀, ó mú igbá tó fẹ̀ wá. Ní 2024 ó gba ẹgbẹ́ 12. Gbogbo ẹranko yọ̀, wọ́n ní ìjà parí. Ìjà kàn kúrò lẹ́nu ipò karùn-ún, ó lọ jókòó sẹ́nu ìkejìlá ni. Ta ni ẹ rò pé ó kọ́kọ́ wá kọrin níbẹ̀? Erin ni. Ó ti pàdánù ẹ̀ẹ̀mẹta, títí kan ti Vanderbilt tí ẹnikẹ́ni kì í bẹ̀rù, àwọn àgbà sì mú Ẹṣin Igbó ti SMU dípò rẹ̀.

Mo lu Ajá, mo lu Ẹkùn
*Igbá ń yí, igbá ń yí po*
Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ṣubú
*Igbá ń yí, igbá ń yí po*
Ẹ má ka ìṣubú, ẹ wo ìtóbi mi
*Igbá ń yí, igbá ń yí po*

Ẹṣin Florida wà lẹ́yìn, òun ló ń gbè é jù. Ọdún yẹn náà, àwọn mẹ́rin tí wọ́n fún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nítorí pé wọ́n gba ife líìgì, gbogbo wọn ló ṣubú nínú eré àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá. Èso Igi tí wọ́n tò ṣe ìkẹjọ láàárín àwọn 12 náà ló gbé ife.

Ní 2025, Ẹyẹ Ẹlẹ́nu-dòjé ti Miami lu Iwin Onífìlà ti Notre Dame 27 sí 24 ní ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn àgbà fi Iwin síwájú Ẹyẹ. Lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn, Iwin ò gbá bọ́ọ̀lù, Ẹyẹ ò gbá bọ́ọ̀lù, ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá Ẹyẹ níwájú, Iwin níta. Erin tí Ajá nà 28 sí 7 lọ́jọ́ tó ṣáájú ò kúrò ní ipò kẹsàn-án tó wà. Iwin bínú, ó ní òun ò gbá eré kankan mọ́ lọ́dún náà, ó palẹ̀ mọ́, ó lọ ilé.

Ìwọra ló ń pa Ìjàpá. Ó wo ọjà tó ti ń tà láti ọdún wọ̀nyí wá, ó ní kí ló dé tí òun náà ò fi ní wọlé. Ó wọ agbádá, ó gun orí igbá.

“Mo gba mẹ́rin, wọ́n gba mẹ́jọ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ẹni tó lù mí! Indiana lù mí 55 sí 10. Ta ni Indiana ò lù lọ́dún yìí? Ìṣubú tó níyì ni tèmi.”

Àwọn àgbà dojú kìn-ín-ní sókè, Ìjàpá bọ́ sílẹ̀. Wọ́n dojú kejì sókè, ó tún bọ́ sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ orin, ẹ̀rín ni gbogbo ẹranko fi gbè é. Erin ló rẹ́rìn-ín jù, ọ̀rọ̀ tí òun náà sọ lọ́dún tó kọjá kò sì wá sí i lọ́kàn.

Nílé wa níbí, ibi tí wọ́n ti máa ń fọ́ Ìjàpá lẹ́yìn nìyẹn. Lọ́hùn-ún, àga ni wọ́n fún un lórí tẹlifíṣọ̀n. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣàlàyé ìdí tí Ẹṣin fi yẹ. Tí wọ́n bá ti polówó ọkọ̀ tán, á ṣàlàyé ìdí tí kò fi yẹ.

Àwọn líìgì ńlá méjì wá ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. SEC, líìgì Erin, ní kí ẹgbẹ́ tí yóò máa wọlé di 16; Big Ten, líìgì Èso Igi, ní kó di 24. Ìjàpá ti fi ìwé ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì: igbá ẹlẹ́ni-16 àti igbá ẹlẹ́ni-24, iye kan náà ni. Owó aṣọ àlà tí wọ́n ó fi bò ó, ọ̀tọ̀.