Bí Igbákejì Ṣe Ń Di Ọ̀gá Kóòṣì Lóru Mọ́jú: Ìwé Atọ́nà fún Òmùgọ̀

Ìwé yìí kò wà fún ọlọ́gbọ́n. Ìwọ la kọ ọ́ fún, ìwọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ru àpò bọ́ọ̀lù àti kóònù wọ pápá ní kùtùkùtù, tó ń kọ orúkọ àwọn tó pẹ́ dé sílẹ̀, tó ń bu omi fún aṣọ́lé, tó sì ti dá a lójú láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé iṣẹ́ ọ̀gá òun kò ju fèrè fífọn lọ. Bóyá Ìpògùn lo ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, bóyá ìlú Oǹdó lo ti ń kó àwọn ọmọ jọ ní pápá ilé-ìwé, ìbéèrè kan náà ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn: ṣé mo ti tó ọ̀gá kóòṣì ṣe? Má da ara rẹ láàmú. O ti tó o. Tẹ̀lé ìgbésẹ̀ mẹ́fà yìí, má sì fo ọ̀kankan.

Ìgbésẹ̀ Kìíní: Má fìdí rẹmi rí

Igbákejì kì í fìdí rẹmi. Bí ikọ̀ bá borí, "a borí" ni. Bí wọ́n bá nà wọ́n, "mo ti sọ fún Kóòṣì pé kó má fi bọ̀ọ̀dá yẹn sẹ́yìn" ni. Ìwà yìí dára, má fi í sílẹ̀. Jókòó ti ọ̀gá rẹ lórí bẹ́ǹṣì, kí o máa mi orí díẹ̀díẹ̀, kí àwọn òǹwòran lè rí i pé ìwọ kò lọ́wọ́ sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Wo Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ lọ́dún 2012. Wọ́n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú Champions League ilẹ̀ Áfíríkà. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gba Al Ahly lálejò, wọ́n gbá ọ̀mì 3-3. Nígbà tí wọ́n dé Íjíbítì, góòlù ẹyọ kan ló dá wọn padà sílé. Gbenga Ogunbote ni ọ̀gá kóòṣì. Títí dòní, bí a bá ń yangàn pé ọmọ Àkúrẹ́ dé ibẹ̀, orúkọ rẹ̀ là ń dá. Bí a bá sì ń ráhùn lórí góòlù mẹ́ta tí wọ́n jẹ níwájú èrò ilé, orúkọ rẹ̀ náà là ń dá. Ta ló ń dárúkọ ẹni tó jókòó tì í? Kò sẹ́ni. Ẹni tí a kò dárúkọ rẹ̀ kò jẹ̀bi, ẹni tí kò sì jẹ̀bi rí ló yẹ kí a gbé ikọ̀ lé lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà yé ọ.

Ìgbésẹ̀ Kejì: Má gba ibi kékeré

Bí wọ́n bá bẹ̀ ọ́ pé kí o wá kọ́ àwọn ọmọ ọdún 13 ní Ìpògùn, rẹ́rìn-ín músẹ́, kí o sọ pé o ti kọjá ìyẹn. Pápá tí ewúrẹ́ ń jẹko lórí rẹ̀ kò bá irú ìwọ mu. Pápá ìṣeré Àkúrẹ́ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, níwájú kámẹ́rà.

Má ṣe ṣe bíi Stephen Keshi. Ọkùnrin yẹn ni balógun Super Eagles tó gba ife Áfíríkà lọ́dún 1994, síbẹ̀ ó gbà láti jókòó sí abẹ́ Shuaibu Amodu gẹ́gẹ́ bí igbákejì. Lọ́dún 2002, wọ́n gbé ipò kẹta bọ̀ láti ife Áfíríkà ní Málì, wọ́n sì lé ọ̀gá àti igbákejì pọ̀. Kàkà kí Keshi jókòó sílé kó máa dúró de Nàìjíríà, Tógò ló gbà lọ. Ó mú Tógò, orílẹ̀-èdè kékeré tí kò dé Ife Àgbáyé rí, yege fún ti ọdún 2006. Ní oṣù Kìíní ọdún náà, Tógò fìdí rẹmi nínú gbogbo ìdíje mẹ́ta tí wọ́n gbá nínú ife Áfíríkà ní Íjíbítì, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Otto Pfister, ará Jámánì, ló kó wọn lọ sí Ife Àgbáyé. Keshi tún lọ sí Málì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi Super Eagles lé e lọ́wọ́ ní ìparí ọdún 2011.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 10 oṣù Kejì ọdún 2013, ní àṣekágbá ife Áfíríkà ní Johannesburg, wọ́n ti nà án, wọ́n ti bú u, wọ́n ti lé e débi pé kò sí ohun tó lè bà á lẹ́rù mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi láyà láti fi Sunday Mba, tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú líìgì ilé wa níbí, sínú ikọ̀ tí àwọn ará òkè òkun kún inú rẹ̀. Mba ló gbá góòlù kan ṣoṣo tí a fi fàgbà han Burkina Faso. Ọdún mọ́kànlá gbáko láti orí àga igbákejì dé orí ife! Òmùgọ̀ gidi kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ Kẹta: Kọ́kọ́ fi ojú àwọn àgbà inú ikọ̀ gbolẹ̀

Ní àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, o máa bá ẹni tó jù ọ́ lọ nínú yàrá ìmúra. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ sọ pé ọmọ ọdún 22 ni, àkọ́bí rẹ̀ sì ń múra ìdánwò WAEC. Lánàá, "ẹ̀gbọ́n" lò ń pè é, o sì ń bá a ra àsun lẹ́yìn ìgbáradì. Lónìí, o fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú ikọ̀. Ọlọ́gbọ́n á pè é sí kọ̀rọ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ẹ kò fi ní bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé." Ìwọ, dúró láàárín gbogbo wọn, kí o pariwo orúkọ rẹ̀ láìfi ọ̀wọ̀ kún un. Báyìí ni a ṣe ń fi hàn pé ọba tuntun ti jẹ.

Àwòkọ́ṣe rẹ ni André Villas-Boas. Ó ti jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn José Mourinho, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ wo àwọn alátakò. Ó gba líìgì pẹ̀lú Porto láì fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ní sáà 2010/11, ó tún fi ife Europa League kún un. Chelsea wá rà á bí ẹni ra agbábọ́ọ̀lù, ọmọ ọdún 33 ni. Ṣùgbọ́n oṣù díẹ̀ péré ló fi ju Frank Lampard àti Didier Drogba lọ, ó sì fẹ́ fi àwọn àgbà náà sẹ́yìn kíákíá. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, wọ́n ní kó máa lọ.

Níhìn-ín ni inú rẹ á ti dùn, nítorí igbákejì rẹ̀, Roberto Di Matteo, ni wọ́n fi rọ́pò. Di Matteo dá àwọn àgbà náà padà sínú ikọ̀, ní oṣù Karùn-ún ọdún kan náà ó gba Champions League ní Munich. "Ẹ ò rí i! Igbákejì ni!" Bẹ́ẹ̀ ni, igbákejì ni. Fa ojú ewé tó kàn ya, nítorí ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Di Matteo ti ṣe ọ̀gá kóòṣì ní MK Dons, ó ti gbé West Brom gòkè sí Premier League, West Brom sì ti lé e ṣáájú kó tó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì Chelsea. Fa èyí tó tẹ̀ lé e náà ya: ní oṣù Kọkànlá, Chelsea lé e.

Ìgbésẹ̀ Kẹrin: Ra kóòtù, má ra ìwé

Ìwé ẹ̀rí kóòṣì ti CAF ní ìpele C, B, A, kó tó kan Pro. Ìyẹn gùn jù. Owó tí o máa fi ṣe ti C, fi rán kóòtù dúdú, kí o wọ̀ ọ́ nínú oòrùn ọ̀sán Àkúrẹ́. Ra pátákó tí a fi ń ya bí agbábọ́ọ̀lù yóò ṣe dúró, kí o ya àwòrán pẹ̀lú rẹ̀, kí o gbé e sórí WhatsApp. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ léèrè nǹkan, dárúkọ Mikel Arteta. Sọ fún wọn pé Arteta kò ṣe ọ̀gá kóòṣì níbìkan rí kí Arsenal tó mú un ní oṣù Kejìlá ọdún 2019, ẹ̀gbẹ́ Pep Guardiola ló ti dìde.

Òótọ́ lo sọ, dákẹ́ síbẹ̀. Má ṣe fi kún un pé ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ló fi jókòó ti Guardiola ní Manchester City. Pàápàá jù lọ, má sọ pé ipò kẹjọ ni Arsenal wà ní ìparí sáà 2019/20, pé ipò kẹjọ náà ni wọ́n tún wà ní sáà tó tẹ̀ lé e, tí àwọn aláṣẹ sì fọwọ́ lẹ́rán, tí wọ́n ń wò ó. Ta ni alága kíláàbù ní ilẹ̀ wa tí yóò rí ipò kẹjọ lẹ́ẹ̀mejì tí yóò fọwọ́ lẹ́rán? Bí ọ̀mì mẹ́ta bá tẹ̀ léra nílé, ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́nu géètì pàápàá ti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ.

Ìgbésẹ̀ Karùn-ún: Má béèrè nǹkan kan

Bí wọ́n bá pè ọ́ pé iṣẹ́ ti di tìrẹ, dọ̀bálẹ̀, kí o ní "ẹ ṣé sà". Má béèrè ẹni tí yóò máa yan agbábọ́ọ̀lù. Má béèrè iye ìdíje tí wọn yóò fún ọ kí wọ́n tó dá ọ lẹ́jọ́. Má béèrè ọjọ́ tí owó oṣù ń wọlé. Keshi pàápàá gbé ife Áfíríkà bọ̀ wálé, wọ́n ṣì jẹ ẹ́ lówó oṣù.

Finidi George ni ẹ̀rí pé ìgbésẹ̀ yìí ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá pe ọkùnrin yìí ní aláìmọ̀kan, òun ni aláìmọ̀kan. Ó gba líìgì Nàìjíríà pẹ̀lú Enyimba ní sáà 2022/23, ó sì ṣe igbákejì fún José Peseiro tí Super Eagles fi dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní Ivory Coast ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Ní ìparí oṣù Kẹrin ọdún náà, NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, sọ ọ́ di ọ̀gá. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà, ó gbá ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú South Africa ní Ùyó. Ní ọjọ́ 10, ní Abidjan, Bẹ̀nẹ̀ nà án 2-1. Gernot Rohr, tí Nàìjíríà lé lọ́dún 2021, ló wà lórí bẹ́ǹṣì Bẹ̀nẹ̀. Kí oṣù náà tó dé ìdajì, NFF ti ń sọ pé àwọn máa mú òyìnbó wá lé e lórí. Finidi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ, Bruno Labbadia, òyìnbó tí wọ́n kéde gan-an, ní òun kò wá mọ́. Igbákejì ti gbára dì, ilé tó gbà á ni kò gbára dì.

Ìgbésẹ̀ Kẹfà: Dé nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń rì

Ìgbà tí owó bá pọ̀, ẹni tó lórúkọ ni wọ́n ń wá. Ìgbà tí owó bá tán, tí ikọ̀ bá wà nísàlẹ̀ tábìlì, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń bínú, ìgbà yẹn ni ẹnì kan máa ń rántí pé ọ̀dọ́ kan wà níbẹ̀ tó ní làákàyè. Sunshine Stars, tó dé Kairo lọ́dún 2012, já kúrò nínú líìgì àgbà ní ìparí sáà 2024/25. Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni kí o wọ̀ láìwo ẹ̀yìn. Bí o bá gbà á là, wọn yóò ní àwọn ẹni àtijọ́ ló fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Bí ó bá já, orúkọ rẹ ni yóò wà nínú ìwé.

Ó ti parí nìyẹn. Bí o bá ti ka gbogbo rẹ̀, tí o sì ń rò ó pé ìgbésẹ̀ kejì àti ìkarùn-ún ṣì dára, a kí ọ kú oríire, o ti gbára dì.

Bí inú bá bí ọ, gbọ́ ti òótọ́. Ọjọ́ orí kọ́ ló ń sọ kóòṣì di kóòṣì, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ tí o fi gbá bọ́ọ̀lù kọ́. Julian Nagelsmann jẹ́ ọmọ ọdún 28 nígbà tó gba Hoffenheim, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ ń kọ́. Lọ gba àwọn ọmọ Ìpògùn fún sáà kan, lórúkọ ara rẹ. Yan ikọ̀ fúnra rẹ, fi ọmọ alága sórí bẹ́ǹṣì bí kò bá mọ̀ ọ́n gbá, jẹ góòlù mẹ́rin ní Ìgbàrà-Òkè, kí o sì dúró dá àwọn òbí lóhùn láìdárúkọ ẹlòmíràn. Ṣe ìwé ẹ̀rí C rẹ. Lẹ́yìn náà, bí wọ́n bá pè ọ́ ní Àkúrẹ́, kí àdéhùn wà lórí ìwé: ẹni tó ń yan agbábọ́ọ̀lù, iye ìdíje, ọjọ́ owó oṣù.

Ẹ̀yin aláṣẹ kíláàbù náà, ẹ má bi ọ̀dọ́ léèrè bóyá ó ti gbára dì bí ẹ̀yin fúnra yín kò bá lè fún un ní sáà kan gbáko. Ẹni tí kò tíì fìdí rẹmi lórúkọ ara rẹ̀ kò tíì tó ọ̀gá kóòṣì ṣe. Kíláàbù tí kò lè fara da ìfìdírẹmi mẹ́ta kò tíì tó ọ̀gá kóòṣì í gbà.