Ààrò Tí Kì í Sùn

Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń ta AGA, ààrò onírin tí àwọn ará ìgbèríko Ìlú Ọba fẹ́ràn bí ẹ̀mí, ẹ kọ́kọ́ bi ilẹ̀ ilé yín bóyá ó lè gbé e. Gustaf Dalén, ọmọ Sweden, ló ṣe é ní 1922. Ọkùnrin yìí gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì ní 1912, ọdún kan náà tí ìbúgbàù fọ́ ọ lójú. Afọ́jú ló wá ṣe ààrò tí kò sí bọ́tìnì tí ẹ ó máa yí kiri: tọ̀sán-tòru ni iná rẹ̀ ń jó, irin á sì fa ooru mọ́ra. Ẹ fẹ́ kí omi hó wàràwàrà? Ẹ gbé e sápá tó gbóná jù. Ọbẹ̀ fẹ́ jóná? Ẹ sún un sí ìkejì. Ó parí.

Rayburn, àbúrò AGA tó dé ní 1946, tún lè gbé omi gbígbóná kárí ilé. Ní oṣù kìíní, tọkọtaya, ọmọ àti ajá á jọ rọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù keje, ajá nìkan ló kù, òun náà ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Màmá tó bá ti Ìbàdàn wá wẹ ọmọ tuntun á máa bi yín láràárọ̀ pé ta ló gbàgbé láti pa iná. Ẹ má wulẹ̀ ṣàlàyé. Ẹ ṣáà fi ìwé owó gáàsì pamọ́ fún wọn.