Ìwádìí Lórí Àga Ike Funfun Nínú Àwọn Ìjọ Alímọ̀ṣọ́

Ohun tí ìwádìí yìí dá lé ni àga ike funfun, irú èyí tó kún inú ìjọ láti Ẹgbẹ́dá dé Ìkòtún, láti Ìdímù títí wọ Ìgándò. Èrò tí mo fẹ́ fi ẹ̀rí gbé kalẹ̀ ni pé kò sí ohun èlò mìíràn nínú ilé Ọlọ́run, yálà agogo, yálà dùùrù, yálà àpótí ọrẹ, tó lè jẹ́ kí a mọ̀ bí àga yìí bóyá ìgbàgbọ́ ìjọ kan, òdodo rẹ̀ láàárín ìlú, àti ìrẹ́pọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ jọ ń rìn pọ̀. Ìwàásù lè dùn kí ìwà má dára. Àkọsílẹ̀ owó lè tọ́ kí opó ìjọ máa sùn lébi. Àga ní tirẹ̀, ibi tí a bá gbé e sí ló wà, ẹni tí a bá sì fún ló jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún un ní oríkì. Àga ike tí à ń wí ni èyí tí ẹ̀rọ rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti inú ike yíyọ́, tí kò ní ìṣó, tí kò ní oríkèé, tí a lè tò léra wọn. Irú rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lágbàáyé jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1972 láti ọwọ́ Henry Massonnet, ẹni tó wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ fi lè rọ ẹyọ kan láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ǹṣì onígi ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń lò. Bẹ́ǹṣì wúwo, ibi tí káfíńtà bá sì gbé e kalẹ̀ sí ló sábà máa ń gbó sí. Àga ike fúyẹ́ débi pé ọmọdé lè gbé méjì lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lórí ìfúyẹ́ yẹn.

A tún ní láti yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ẹbí rẹ̀. Àga ńlá tó wà lórí pẹpẹ, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga bíi ti ọba, kì í kúrò lójú kan. Àga onírin tó ní tìmùtìmù, tí wọ́n tò síwájú fún àwọn ọlọ́lá, a máa jáde nígbà míì, ṣùgbọ́n ibi ìgbéyàwó ọmọ ọlọ́lá náà ló ń lọ. Àga ike ló ń dé ibi gbogbo. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ ó rí i tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ lẹ́tà orúkọ ìjọ sí i, kí ó lè mọ ọ̀nà ilé.

Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 sí Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́, iye tó ju ti ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba Èkó sì ní iye náà kéré sí bí ènìyàn ṣe pọ̀ tó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ayálégbé. Nínú yàrá kan ṣoṣo tí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta ń gbé, níbo ni àlejò fẹ́ jókòó sí? Nígbà tí òkú bá sùn tàbí tí aboyún bá bímọ, àga ìjọ ni àga àlejò gbogbo òpópónà.

Ẹ̀kọ́ nípa ìjókòó kì í ṣe tuntun nínú ìgbàgbọ́. Nígbà tí Jákọ́bù fẹ́ bá ìjọ wí nípa ojúsàájú, ní orí kejì ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìjókòó ló mú: ẹni tó fi òrùka wúrà sọ́wọ́ gba ibi tó dára, tálákà tó wọ aṣọ ìdọ̀tí ni wọ́n ní kó dúró, tàbí kó jókòó sílẹ̀. Ohun tí òǹkọ̀wé náà rí ni pé kí pásítọ̀ tó ṣí Bíbélì, ọ́ṣà tó wà lẹ́nu ọ̀nà ti wàásù fún àlejò. Ní Ìgándò, níbi tí ààtàn Solous wà, ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá. Àwọn kan wà tó ń ṣa ike àti irin nínú ààtàn náà kí wọ́n lè tà á ní ìwọ̀n. Àga ìjọ tó bá fọ́, ọwọ́ irú wọn ló ń bọ́ sí níkẹyìn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wá sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú, ìlà wo ni ọ́ṣà máa mú un lọ? Ìdáhùn ìjọ kan sí ìbéèrè yìí ni mo máa ń kà sí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣáájú ohunkóhun tí wọ́n tẹ̀ sínú ìwé àkọ́sórí.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àríyànjiyàn lórí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti jókòó wà lára ohun tó bí àwọn ìjọ tuntun rí. Ní 1891 ni àwọn kan dá United Native African Church sílẹ̀ ní Èkó. Ní 1901, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ St. Paul's, Breadfruit, bínú jáde nítorí ọwọ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell fi mú ọ̀rọ̀ James Johnson, àlùfáà wọn, wọ́n sì dá African Church sílẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì Áńgílíkà ìgbà náà, ọkùnrin tó bá ní ju aya kan lọ kò lè ṣe ìrìbọmi. Àwọn ìjọ tuntun wọ̀nyí gbà á wọlé. A ṣì lè jiyàn lórí ìyẹn títí di òní, ó sì yẹ kí ẹnìkan ti bi àwọn aya náà léèrè èrò tiwọn, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n gbé síwájú ìjọ, pé ta ni a ó ní kó dúró síta, kò tíì tán nílẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú 1901, Jacob Kẹ́hìndé Coker, ní oko kòkó ní Ìfàkọ̀ lágbègbè Agége, nítòsí Alímọ̀ṣọ́ wa níbí. Ní 1907, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Agege Planters' Union sílẹ̀. Àwọn lébìrà tó wá láti ìlú òkè kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó lóko yìí, wọ́n sì gbọ́ ìwàásù níbẹ̀, nígbà tí wọ́n sì ń padà lọ sílé, wọ́n kó irúgbìn àti ìgbàgbọ́ lọ pọ̀. Òpìtàn J. B. Webster ti kọ̀wé lórí èyí. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìjọ tó ń dá sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti oúnjẹ àwọn ènìyàn jẹ́ àṣà òyìnbó òde òní, kó rìn dé Agége.

Mo wá fi òfin kìn-ín-ní lélẹ̀: iye ìgbà tí àga ìjọ jáde kúrò nínú ọgbà láàárín ọ̀sẹ̀ ni òṣùwọ̀n òdodo rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kí àga wà lábẹ́ kánópì létí títì, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ ti ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá, oníkẹ̀kẹ́ Márúwá, ìyá alákàrà, ẹni tó ń ti ọsibítù ìjọba ní Ìgándò bọ̀ tí kò rí dókítà. Lọ́jọ́rú kí ó wà ní pálọ̀ ẹnìkan fún ìpàdé ilé. Kí ó wà níbi ìpàdé àdúgbò lórí tiransifọ́mà, kí àwọn lánlọ́ọ̀dù sì rántí pé ayálégbé náà ń san owó iná. Bí Àlùfáà mọ́ṣáláṣí bá fẹ́ ṣe wòlímọ̀ fún ọmọ rẹ̀, kí àga tí wọ́n kọ C.A.C. sí lẹ́yìn wà níbẹ̀ ní àádọ́ta. Mo ka irú àga bẹ́ẹ̀ sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jù tí ojú lè rí ní Alímọ̀ṣọ́. Onífìlà funfun jókòó lórí rẹ̀, kò sí ẹni tó bi í léèrè ẹ̀sìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó dì í mú láti wàásù fún un.

Kí a fi èyí wé ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ń wọ yàrá onílé láì kan ilẹ̀kùn, ní aago méjì òru, nígbà ìsọ́-òru. Ní 2016, ìjọba Èkó ti ìjọ 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ọ̀pọ̀ Kristẹni pe èyí ní inúnibíni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jí lọ sẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́rin láti bọ́ lọ́wọ́ gosiló Ìyànà-Ìpájà ní ẹ̀tọ́ láti sùn, ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn sì wà lára ohun tí à ń gbàdúrà fún nínú ìsọ́-òru ọ̀hún.

Òfin kejì ló ká mi lára jù: ẹni tó jókòó kì í tẹ ẹnikẹ́ni pa. Ní Port Harcourt, lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún 2022, ènìyàn 31 kú níbi tí ìjọ kan ti fẹ́ pín ẹ̀bùn fún aláìní. Lọ́jọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá 2024, ọmọdé 35 ṣòfò níbi àríyá ọmọdé kan ní Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ènìyàn 10 kú ní ìjọ Kátólíìkì Holy Trinity ní Maitama, Àbújá, níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ Kérésìmesì. Kò sí ẹni tí mo lè sọ pé inú rẹ̀ burú láàárín àwọn tó pè wọ́n. Àánú ló ṣe wọ́n. Oúnjẹ ti gbówó lérí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ebi sì ń pa ìlú. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ibi wọ̀nyí, ìdúró ni àwọn ènìyàn wà, lẹ́nu ọ̀nà kan tó há, pẹ̀lú ẹ̀rù pé ó lè tán kó tó kàn wọ́n. Ìpayà yẹn ló ń pa ènìyàn. Ẹni tó bá mọ̀ pé orúkọ òun wà nínú ìwé, pé àga òun wà níbẹ̀, àti pé àpò ìrẹsì òun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ló fẹ́ máa sáré fún?

Ìjọ àkọ́kọ́ mọ èyí. Ní Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà, nígbà tí wọ́n ń gbójú fo àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì nínú ìpín ojoojúmọ́, kò sí ẹni tó pe ogunlọ́gọ̀ wá sẹ́nu géètì. Ènìyàn méje ni wọ́n yàn sí iṣẹ́ náà, orúkọ méjèèje sì wà nínú Bíbélì títí di òní. Mo rọ àwọn ìjọ Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá láti ṣe bákan náà. Ìpàdé ilé kọ̀ọ̀kan ni kó mú orúkọ wá, nítorí òun ló mọ ẹni tí iná ìdáná rẹ̀ ti kú. Kí wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀. Kí àga ṣe àádọ́ta, kí orúkọ ṣe àádọ́ta. Kí arúgbó àti aláboyún kọ́kọ́ gbà, kí ọ̀dọ́ ìjọ gbé ti ẹni tí kò lè rìn lọ bá a nílé. Kí kámẹ́rà sì dúró síta, nítorí ọmọ tí yóò wo fọ́tò ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń gba gàrí lè má dárí jì wá.

Ìjókòó nílò òrùlé tó dájú pẹ̀lú. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ Synagogue Church of All Nations ní Ìkòtún wó, ènìyàn 116 sì kú, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn láti South Africa. Ìjọ náà di ẹ̀bi náà ru ọkọ̀ òfurufú kan tó fò kọjá. Ní 2015, adájọ́ tó ṣe ìwádìí ikú wọn sọ pé ìkọ́lé náà kò ní ìwé àṣẹ, pé kò sì lágbára tó láti gbé ẹrù rẹ̀. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé àti ẹnjiníà tó mọṣẹ́ wà lára ìfẹ́ ọmọnìkejì, mo sì fẹ́ kí wọ́n máa kà á sókè nípàdé ọdọọdún bí wọ́n ṣe ń ka owó ìkórè.

Àwọn kan lè sọ pé ìjọ ńlá kò lè mọ orúkọ gbogbo ènìyàn. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí agbo kékeré fi wà. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, àwọn díẹ̀ ní ìjọ St. Saviour's, Ìjẹ̀bú-Òde, tí J. B. Shadare àti olùkọ́ kan, Sophia Odùnlámì, wà láàárín wọn, kóra jọ láti gbàdúrà fún aláìsàn. Lára gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà nìyẹn. Ní 1973, ènìyàn 15 péré ló wà nínú ilé William Kumuyi ní Yunifásítì Èkó nígbà tí Deeper Life bẹ̀rẹ̀. Ní 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà ti ilé ìjọsìn pa ní Èkó títí di oṣù Kẹjọ, ìjọ tó ti ní ìpàdé ilé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló tètè mọ ẹni tí kò rí jẹ.

Àtakò mìíràn ni pé àga tó bá jáde kì í padà pé. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ a sì máa kán pẹ̀lú. Kí wọ́n fi sínú ìṣúná bí wọ́n ṣe ń fi owó dísù jẹnẹrétọ̀ sí i. Èyí tó burú jù ni àga tí olóṣèlú kó wá kí ìbò tó dé, tí orúkọ olóṣèlú náà wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí wọ́n fi ọ̀dà pa orúkọ náà rẹ́ lójú rẹ̀, tàbí kí ó kó o padà.

Ó ku irú àga kan, èyí tí ẹni tó ni ín ń gbé wá fúnra rẹ̀, tó ní táyà. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara ti wà láti 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ dé ní oṣù Kìn-ín-ní 2019, ó sì fún ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà wọlé. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ọ̀pọ̀ ìjọ Alímọ̀ṣọ́ ṣì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú pákó lórí gọ́tà. Ọ̀nà dàgẹ̀rẹ̀ tó dára ń fẹ́ gígùn ẹsẹ̀ bàtà méjìlá fún gíga ẹsẹ̀ bàtà kan, nítorí náà ìjọ tó bá wà lókè kí ó ronú láti sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó wà nílẹ̀ kí ó fi owó ìkórè ọdún yìí ṣe ọ̀nà náà kí ó tó pààrọ̀ àga orí pẹpẹ. Kí àwọn ọ́ṣà sì yọ àga ike kan kúrò láàárín ìlà kẹta, kí ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn pátápátá níbi tí wọ́n ń to agboòrùn sí.