Ààmì Mẹ́ta Lápá Ọkọ Ìyàwó

Ẹ gbọ́ o, èmi kì í ṣe olófòófó. Ohun tí ojú mi bá rí tí ẹnu mi kò lè gbé mì, òun nìkan ni mo máa ń sọ. Tí a kò bá sì sọ ti Ìyá Onígaàrí, ti ta ni a ó sọ ní Òmùpo yìí? Láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ti mú àfẹ́sọ́nà sójà wálé ni àgbo ilé wa kò ti rí oorun sùn mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé: "Ẹ rọra máa gbálẹ̀ níbẹ̀ yẹn o, ìyá ìyàwó Jẹ́nẹ́rà ń sinmi!"

Jẹ́nẹ́rà kẹ̀! Jẹ́nẹ́rà wo ni yóò wọ bọ́ọ̀sì akérò láti Àjàṣẹ́, tí wọn ó fún un mọ́ àárín ìyá alágbàdo àti apẹ̀rẹ̀ adìẹ? Ìta ni mo wà nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mò ń yan ẹ̀pà mi jẹ́ẹ́jẹ́. Ọmọ dáadáa ni, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi nínú eruku. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ adìẹ ló wà léjìká rẹ̀. Ẹ fi ìyẹ́ yẹn sọ́kàn, mò ń padà bọ̀ wá bá a.

Fọ́tò ló dá ìjà sílẹ̀. Ìyá Onígaàrí yọ fóònù rẹ̀ jáde. Ojú fóònù náà ti sán láti ìgbà tó ti já bọ́ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń yan gaàrí, ibi tó sì sán gan-an ni apá ọmọkùnrin náà bọ́ sí. Ó ní, "Ẹ kà á fúnra yín: ìràwọ̀ mẹ́ta! Kápítéènì!" Ṣé ẹ rí i? Lánàá Jẹ́nẹ́rà, lónìí Kápítéènì. Ọmọ ọlọ́mọ ti ń já wálẹ̀ láìṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ìyá Alákàrà na ọrùn sí i, ó ní òun kò rí ìràwọ̀ kankan, ohun kan tó là bí ìrù alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni òun rí, ó sì jẹ́ mẹ́ta. Kí a tó wí, kí a tó fọ̀, wọ́n ti ń bú ìran ara wọn. Èmi kàn ní kí wọ́n gbé e lọ bá Bàbá Sájẹ́ǹtì. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán ni.

Ẹ mọ Bàbá Sájẹ́ǹtì? Òun tí ìyàwó rẹ̀ máa ń fi aáṣà rẹ̀ pamọ́ sínú garawa ìrẹsì. Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ọdún 1967 ló wọṣẹ́ sójà. Kí ogun abẹ́lé tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà, gbogbo ọmọ ogun ilẹ̀ wa kò fi bẹ́ẹ̀ ju 10,000 lọ. Nígbà tí ogun fi parí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1970, wọ́n ti tó nǹkan bí 250,000. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá ti lè gbé ìbọn dúró ni wọ́n ń gbà nígbà yẹn. Ọ̀dọ̀ Benjamin Adékúnlé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń pè ní Àkekèé Dúdú, ni wọ́n pín bàbá sí, ní Dífíṣọ̀n Kẹta. Tí ẹ bá fún un lẹ́mu díẹ̀, á ní òun ni Àkekèé máa ń bi léèrè kí ó tó yìnbọn.

Bàbá kò tilẹ̀ wo fọ́tò. Ó ní kí a jókòó. Mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn, mo sì ti gbé ọbẹ̀ kaná o.

Ó ní sójà kì í dá wà. Bí mẹ́wàá bá kóra jọ, sẹ́kísọ̀n nìyẹn, kọ́pọ́rà ló ń darí wọn. Sẹ́kísọ̀n mẹ́ta di pùlàtúùnù, nǹkan bí ọgbọ̀n ènìyàn. Lẹfutẹ́nàǹtì ni olórí níbẹ̀, sájẹ́ǹtì sì ni igbákejì rẹ̀. Pùlàtúùnù mẹ́ta pẹ̀lú àwọn olùrànlọ́wọ́ wọn ni kọ́ńpìnnì, lábẹ́ méjọ̀. Kọ́ńpìnnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni bàtálíọ̀nù, èyí tó lè tó 600 tàbí kó wọ 1,000.

Ìyá Alákàrà ní báwo ni ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lójú. Bàbá bi í bóyá ó ti dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní Ẹ̀sìẹ́ lọ́dún 1945 rí. Àwọn ère òkúta ibẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún, ọ̀pọ̀ wọn jókòó lórí àpótí, àwọn mìíràn mú ohun ìjà dání. Àwọn àgbà ní ènìyàn ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. "Bàtálíọ̀nù kan nìyẹn," bàbá wí, "bí wọ́n bá lè dìde." Ìyá Alákàrà ní ó dá òun lójú pé ọ̀gá wọn ló gbàgbé láti ní kí wọ́n dìde. Bàbá rẹ́rìn-ín títí aáṣà fi dà sí i láyà. Ó ní obìnrin yìí ti mọ iṣẹ́ ológun ju ọ̀pọ̀ rìkúrúùtì lọ.

Bàtálíọ̀nù bí mẹ́ta sókè, wọ́n di bùrìgéèdì. Ọ̀kan wà nítòsí wa yìí, ní Sóbí, Ìlọrin: Bùrìgéèdì 22. Tiwa náà ní ọ̀gá, Dífíṣọ̀n Kejì tó wà ní Ìbàdàn, tí méjọ̀ jẹ́nẹ́rà ń darí. Irú dífíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ mẹ́jọ ló wà: Kàdúná, Ìbàdàn, Jos, Port Harcourt, Maiduguri, Sókótó, Èkó àti Enugu. Gbogbo wọn ń jíṣẹ́ fún Ọ̀gá Àgbà Ọmọ Ogun Orí Ilẹ̀ ní Àbújá. Òun, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ojú omi àti ti ojú òfurufú wá ní ẹni kan tó ń kó gbogbo wọn pọ̀, Ọ̀gá Àgbà Ètò Ààbò. Ta ló wá wà lókè pátápátá? Ààrẹ! Ẹni tó ń wọ agbádá, tó lè má tíì gbé ìbọn rí láyé rẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ló fi í jẹ olórí gbogbo ọmọ ogun.

Ìyá Onígaàrí ní ìyẹn kò rí bẹ́ẹ̀ láyé àwọn sójà. Òótọ́ ló sọ, mo gbè é lẹ́yìn. Ṣé ẹ rántí David Bámigbóyè, ọmọ Òmù-Àrán? Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ fún ìpínlẹ̀ wa, láti 1967 títí di 1975, aṣọ káákì ló sì fi ṣe é. Háà, ó yẹ kí n ti pa ẹnu mi mọ́! Ìyá Onígaàrí fò dìde, ó ní, "Ọmọ Ìgbómìnà ti fi iṣẹ́ sójà jẹ gómìnà rí, àna mi náà á jẹ ẹ́!" Kápítéènì àárọ̀ ti di gómìnà ní ọ̀sán.

Ìgbà yẹn ni bàbá tó gba fóònù. Ó ní ibi tí ààmì wà ló ń sọ ẹni téèyàn jẹ́. Èyí tó là bí ẹsẹ̀ méjì tó ya, ti apá ni: ọ̀kan ni lánsì kọ́pọ́rà, méjì ni kọ́pọ́rà, mẹ́ta ni sájẹ́ǹtì. Ìràwọ̀, ti èjìká ni: ọ̀kan àti méjì ni àwọn lẹfutẹ́nàǹtì, mẹ́ta ni kápítéènì. Tó bá kọjá ìyẹn, ẹyẹ idì ni yóò bà lé èjìká, méjọ̀ nìyẹn. Idì àti ìràwọ̀ mẹ́ta ni bùrìgédíà jẹ́nẹ́rà. Ṣé ẹ wá rántí ìyẹ́ adìẹ? Mo sọ fún wọn pé èmi rí ẹyẹ léjìká rẹ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Inú ń bí wọn ni.

Bàbá ní, "Apá ni mo rí. Sájẹ́ǹtì ni." Ìyá Onígaàrí ní kò burú, ọdún díẹ̀ sí i, á di lẹfutẹ́nàǹtì. Bàbá mi orí. Ó ní ẹnu ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ ilé náà. Ẹni tó bá gba Zaria wọlé, tó kọ́ṣẹ́ rìkúrúùtì níbẹ̀, àtẹ̀gùn tirẹ̀ ń lọ láti lánsì kọ́pọ́rà títí dé wárántì ọ́físà. Ẹni tó bá gba Kàdúná, ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́físà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964, ọdún márùn-ún ló ń lò níbẹ̀, ìràwọ̀ ni yóò sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan fò láti àtẹ̀gùn kan sí èkejì.

Ohun tó dùn wá jù lọ nìyí. Bí sájẹ́ǹtì bá jẹ́ ẹni ogójì ọdún, tí lẹfutẹ́nàǹtì jẹ́ ẹni mẹ́tàlélógún, àgbà ni yóò kí ọmọdé. Ìyá Alákàrà ní èèwọ̀! Bàbá ní nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, ogun kò ka ọjọ́ orí. Ní Ìbàdàn àtijọ́, akin ló ń gorí oyè ogun, tí Balógun fi ń ní Ọ̀tún àti Òsì tirẹ̀. Nígbà ogun Kírìjì, tí àwọn baba wa ní Ìgbómìnà dara pọ̀ mọ́ Èkìtì Parapọ̀, Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun wọn, kò bi ẹnikẹ́ni pé ọdún wo ni wọ́n bí i. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà yẹn, olóyè ló ni ọmọ ogun rẹ̀, òun ló ń bọ́ wọn, òun ni wọ́n mọ̀. Lónìí, ìjọba ló ń san owó, ọ̀gá kan á lọ, òmíràn á dé, bàtálíọ̀nù á wà bó ṣe wà. Ó ní ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fi lè fi ara rẹ̀ jẹ oyè níbẹ̀, kò dà bí àgbo ilé wa tí gbogbo wa jẹ́ olórí. Ó wò mí nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ohun tó fà á.

Ọjọ́ mọ̀mí-n-mọ̀ọ́ pé. Alága dìde, ó ní ọmọ àwọn, sájẹ́ǹtì ni lẹ́ka àwọn tó ń tún ọkọ̀ àti ẹ̀rọ ológun ṣe. Gbogbo ojú yí sí Ìyá Onígaàrí. Mo ti múra ẹ̀rín sílẹ̀. Bàbá Sájẹ́ǹtì sì dìde, ó ní kí alága dúró ná. Ó ní fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó dojú kọ ọ̀tá, àwọn kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ, tó ń kó ọta, tó ń ṣe wáyà, tó ń wo ọgbẹ́, tó ń ṣírò owó oṣù. Ó ní ní ogun àwọn, ìjọ́ tí ọkọ̀ bàjẹ́ ni ebi máa ń pa àwọn, kì í ṣe ìjọ́ tí ọ̀tá pọ̀.

Ẹ̀yin ará, Ìyá Onígaàrí nàró! Láti ọjọ́ náà, ohun tó ń sọ ní ẹ̀yìnkùlé ni pé, "Bí àna mi kò bá tún ọkọ̀ ṣe, ẹsẹ̀ ni gbogbo jẹ́nẹ́rà á fi rìn!" Kí n sọ òótọ́, mo wá ibi tí mo fẹ́ bù ú kù, mi ò rí i.

Nítorí náà ni mo fi yọ́ lọ bá ọmọkùnrin náà, pé kó jọ̀ọ́, kó bá mi wo ẹ̀rọ ìlọta mi tó dákẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Mi ò lè fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan láìgba àṣẹ ọ̀gá mi." Mo ní ta ni ọ̀gá rẹ̀ ní Òmùpo níbí. Ó fi ẹnu júwe Ìyá Onígaàrí.

Ìdí tí ẹ fi ń gbọ́ tí mò ń pè é ní Jẹ́nẹ́rà nìyẹn. Kò tíì fọwọ́ sí ìwé mi o.