Páálí Òfìfo, Pọ́n-ùn 12

Ọjọ́ tí mo ta páálí òfìfo ní pọ́n-ùn 12 ni ìyá mi pe ìpàdé ẹbí lé mi lórí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí páálí ṣe dọjà. Woolwich ni à ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, nínú ilé oníyàrá méjì tí ẹrù yàrá mẹ́fà kún inú rẹ̀. Ìyàwó mi ló jí láàárọ̀ Sátidé kan, ó wo pálọ̀ yíká, ó ní yálà kí ẹrù wọ̀nyí jáde tàbí kí òun jáde. Mo rò ó wò díẹ̀. Mo ní kí ẹrù jáde.

Àtiju nǹkan nù nílùú yìí, owó ni. Nílé, bí o bá gbé àga tó kán lẹ́sẹ̀ síta lálẹ́, ilẹ̀ kì í mọ́ bá a níbẹ̀. Ẹnìkan á ti gbé e, káfíńtà á ti fi ìṣó méjì bá a wí, bí o bá sì lọ kí onítọ̀hún lóṣù tó ń bọ̀, àga yẹn náà ni yóò fà fún ọ pé kí o jókòó. Níbí, gbé àga síta kí o rí lẹ́tà káńsù. Ìwọ ni yóò pè wọ́n, ìwọ ni yóò dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá dá, ìwọ náà ni yóò sì sanwó kí wọ́n tó gbé e. Mo sanwó kí àga tó wọlé, kí n tún wá sanwó kí ó tó jáde? Èmi kọ́.

Àbúrò kan níbi iṣẹ́ wa, ọmọ Ìjẹ̀bú, ló là mí lójú. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ sanwó fún? Ẹ gbé e sórí eBay." Mo ní ta ni yóò ra àga tó kán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nǹkan tó bàjẹ́ gan-an ni wọ́n fi ṣí ọjà náà.

Òótọ́ ló sọ. Ní 1995 ni Pierre Omidyar, ọkùnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní California, ṣí ibi gbàǹjo kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì. AuctionWeb ló kọ́kọ́ ń jẹ́ kí ó tó di eBay. Ọjà àkọ́kọ́ tó tà níbẹ̀ ni iná léésà kékeré, irú èyí tí olùkọ́ fi ń tọ́ka sára ògiri. Iná náà ti kú, kò tàn mọ́, síbẹ̀ ẹnìkan san dọ́là 14.83 lé e. Ó ya Omidyar fúnra rẹ̀ lẹ́nu, ó kọ̀wé sí ẹni tó rà á pé ṣé ó yé e pé nǹkan yìí ti bàjẹ́? Onítọ̀hún fèsì pé ó yé òun yékéyéké, iná léésà tó ti bàjẹ́ ni òun ń kó jọ.

Mo gbọ́ ìtàn yìí tán, mo wo àga mi, mo rí i pé ó ti tuntun jù.

Ohun tó le nínú ọjà ọ̀hún ni ìjẹ́wọ́. Lọ́dọ̀ tiwa, ta ni ó ń jẹ́wọ́? Bi ẹni tó ń ta fìríìjì tòkunbọ̀ léèrè bí ọjà rẹ̀ ṣe rí, yóò ní màmá àgbàlagbà kan ló lò ó, ọjọ́ Sunday nìkan ni màmá sì ń tàn án. Níbí, àléébù ni wọ́n fi ń polówó. O máa ya fọ́tò ibi tó ha, o máa tan iná sí i kí ó hàn dáadáa, o máa wá kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ tèmi pé: "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ti kán. Ọmọ fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́. Àbàwọ́n kan wà lórí tìmùtìmù, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni a rò pé ó jẹ́." Ìyàwó mi kà á, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti fẹ́ mi, òun kò gbọ́ kí n jẹ́wọ́ báyìí fún òun rí.

Alẹ́ Sunday ni gbàǹjo parí. Pọ́n-ùn 4 ni àga wà látàárọ̀. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, ó fò sí 9. Ó di 15. Ó di 22. Gbogbo wa ti péjọ yí fóònù ká bíi pé bọ́ọ̀lù ni à ń wò. Ó dúró sí 41. Ọkùnrin tó rà á wa mọ́tò wá láti Kent, ó ní irú ẹsẹ̀ àga báyìí, ti àwọn ọdún 1960 ni, ó sì ń yára gbé e wọnú mọ́tò bí ẹni tó ń bẹ̀rù pé ojú mi lè là lójijì.

Ojú mi ti là. Ó tilẹ̀ là jù. Mo ta àpò Lego tí àwọn ọmọ ti gbàgbé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwọ̀n kílò ni wọ́n fi ń tà á, bí ẹni ń ta ẹran. Mo ta rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n kan tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́. Mo ta fóònù tí ojú rẹ̀ fọ́, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ yọ ẹ̀yà ara rẹ̀ lò ni kí ó rà á, ó sì lówó ju aṣọ tí mo wọ̀ lọ. Nígbà tó yá, kò sí ẹni tó lè gbé nǹkan sílẹ̀ nínú ilé wa mọ́. Ọmọ mi ọkùnrin dé láti iléèwé lọ́jọ́ kan, kò rí ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ kan, èmi ni ó sì kọ́kọ́ wò.

Ibi páálí fóònù ni mo bá ara mi dé. Fóònù ti lọ, páálí rẹ̀ ló kù. Àwọn tó ń ta fóònù àlòkù máa ń wá irú páálí bẹ́ẹ̀ kiri, kí ọjà wọn lè rí bí ọmọ tó níyàá tó ní bàbá. Pọ́n-ùn 12. Inú mi dùn débi pé mo gbé e sórí WhatsApp mi: "Páálí òfìfo! Ẹ wá wo iṣẹ́ Olúwa!"

Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Ìbàdàn rí i. Kí n tó jẹun alẹ́, Màámi ti pè.

"Àkànní, ṣé ó ti bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló bàjẹ́, Màámi?"

"Wọ́n ní o ń ta ẹrù ilé rẹ."

Ẹni tó bá dàgbà nílé mọ ohun tí gbólóhùn yẹn túmọ̀ sí. Ẹni tí gbèsè bá ká mọ́lé ni ó ń ta ẹrù ilé rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkè-Àdó, ọkùnrin kan ní òpópónà wa ta fìríìjì rẹ̀ nítorí ó fẹ́ ra èyí tó tóbi. Kí fìríìjì tó dé ẹnu géètì, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn ìyá àdúgbò fi ń ránṣẹ́ oúnjẹ sí àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí fìríìjì tuntun wá dé, àwọn ìyá kan náà ní kí wọ́n bi í ibi tó ti rówó.

Mo ṣàlàyé fún Màámi pé bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí nìyẹn, àní àwọn olówó gan-an ń tà. Ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀. Èmi ni mo ṣi ẹnu sọ. Mo ní, "Kódà, páálí fóònù òfìfo ni mo tà lónìí."

Kẹ́kẹ́ pa.

"Fóònù kò sí nínú rẹ̀?"

"Kò sí, mà."

"Ẹni tó rà á sì sanwó?"

"Ó sanwó, mà."

"Yéè! Àkànní ti di ọmọ Yahoo!"

Mi ò dá Màámi lẹ́bi. Ní Nàìjíríà, páálí fóònù òfìfo ní ìtàn tirẹ̀. Ta ni kò mọ ẹni tó ra fóònù lẹ́bàá títì ní Òṣòdì, tó délé, tó ṣí páálí, tó bá fùfú tí wọ́n fi ọ̀rá wé dáadáa? Tiwa tilẹ̀ sàn, a máa ń fi nǹkan sínú rẹ̀. Lójú ìyá mi, èmi kò ní ojútì tó láti wá fùfú.

Wọ́n pe ìpàdé ní aago mẹ́jọ alẹ́, lórí fídíò. Bùọ̀dá àgbà ṣáájú àdúrà. Àǹtí wa tó wà ní Abẹ́òkúta bi mí bóyá mo ní ọ̀rẹ́ tuntun. Àbúrò bàbá mi, tí orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí nínú fóònù, ní bí ìyà bá ń jẹ mí kí n sọ, ẹbí kì í ṣe fún àríyá nìkan. Màámi bi mí pé ìjọba ibẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀? Mo ní wọ́n mọ̀ dunjú: láti oṣù kìíní 2024, ẹni tó bá ta ọjà tó 30 lọ́dún lórí irú ibi bẹ́ẹ̀, wọ́n máa fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn agbowó-orí. Ẹrù ilé tí èèyàn ti lò tó sì tà ní ẹ̀dínwó kò lówó-orí ní tirẹ̀. "Orúkọ rẹ ti dé ọ̀dọ̀ ìjọba!" Ọ̀rọ̀ tí Màámi gbọ́ nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àbúrò mi ní Màámi ti fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà sínú àkáǹtì mi tó wà nílé, kí n fi ra oúnjẹ. Ọdún 17 ni mo ti ń fowó ránṣẹ́ sílé. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí owó máa gba ọ̀nà ọ̀hún padà wá.

Ìtàn búrẹ́dì ló gbà mí sílẹ̀. Mo sọ fún Màámi pé obìnrin kan ní Florida yan búrẹ́dì tó fi ṣíìsì sáàárín, ó gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó, ó ní ojú Màríà Mímọ́ lòun rí lára rẹ̀. Ó tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ní 2004 ó gbé e sórí eBay, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta tẹ́tẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sì san dọ́là 28,000 lé e.

"Búrẹ́dì ọdún mẹ́wàá. Kò bu?"

"Obìnrin náà ní kò bu, mà."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà, ohùn ọjà Dùgbẹ̀ ló fi sọ ọ́. "Kí ni wọ́n tún ń rà?"

Ẹ má gbàgbé pé ilé Màámi ni mò ń sọ. Nǹkan kì í gbó nílé yẹn, iṣẹ́ ni ó ń pààrọ̀. Agolo Bournvita di òṣùwọ̀n ìrẹsì. Rọ́bà ọ̀dà di òṣùwọ̀n gàrí. Ìró di aṣọ ìkókó, ó di aṣọ ìnulẹ̀, bí ó bá ti fẹ́ kú ó di òṣùká. Ohun kan ṣoṣo tí n kò rántí pé ó pààrọ̀ iṣẹ́ títí mo fi kúrò nílé ni àwo orin bàbá mi. Ni mo bá bi í pé àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Bàámi ńkọ́.

Àwọn òyìnbó ń wá orin ilẹ̀ wa ti àwọn ọdún 1970 lójú méjèèjì. Ní 2001 ni ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù kó lára rẹ̀ jọ, wọ́n pè é ní Nigeria 70, láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wá àwo àtijọ́ gan-an kiri. William Onyeabor ní Enugu gbé orin tirẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ láàárín 1977 sí 1985. Lónìí, ojúlówó àwo rẹ̀ kan lè wọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là. Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti dùn nìyí: àwo Ebenezer Obey tí gbogbo ilé ní kì í sábà wọ́n, nítorí ó pọ̀ níta. Èyí tó wọ́n ni ti àwọn ọmọ tí kò lórúkọ, tí wọ́n kọrin lẹ́ẹ̀kan, tí ẹnikẹ́ni kò rà, tí wọ́n padà sídìí iṣẹ́ télọ̀.

Irú wọn sì ni bàbá mi ń rà. Ẹni tó ń ta àwo lọ́rẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí kò bá tà ló máa ń fún un ní ìdajì owó. Ó tó ogún ọdún tí Màámi fi bá a jà lé e lórí.

"Wọ́n wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì," Màámi ní. "Àyàfi mẹ́ta. Àbúrò rẹ fi omi gbígbóná yí méjì po, ó fi gbin òdòdó. Ìkẹta ni mo fi ṣe ọmọrí àmù lẹ́yìnkùlé."

Mo gbá orí mú. Mo ní àwọn tó ń rà máa fẹ́ mọ bí ó ṣe rí, àléébù rẹ̀ gbogbo ni a máa kọ.

"Kọ ọ́ pé ó ti bo omi fún ọgbọ̀n ọdún, eṣinṣin kan kò wọ̀ ọ́. Èló ni wọ́n máa san jálẹ̀?"

Mo ní n kò tíì mọ̀, mà, ó di ìgbà tí mo bá rí orúkọ ara rẹ̀.

"Tí o bá ti mọ̀, pè mí. Náírà mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni tìrẹ. Kí o sì dá ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta mi padà."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi tí ẹ wà nílé, bí ọmọrí àmù yín bá dúdú, tó rí roboto, tí ihò kékeré sì wà láàárín rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kànrìnkàn kàn án títí ẹ ó fi ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.